Ìlú Tó Dúró Lórí Òpó Igi: Ọjọ́ Mẹ́rin ní Venise

Ẹni tó bá ti gbé ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀ kò ní ṣàì gbọ́ ọ rí pé Ganvié ni "Venise ilẹ̀ Áfíríkà". Àwọn tó ń mú àlejò rìn máa ń sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ìwé tó ń júwe ọ̀nà fún arìnrìn-àjò máa ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwa olùkọ́ ìtàn àti jọ́gíráfì náà sì máa ń tún un sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Àfiwé tó rọrùn ni: ìlú kan lórí omi níhìn-ín, ìlú kan lórí omi lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n àfiwé dà bí òṣùwọ̀n ọlọ́jà. Apá méjèèjì ló yẹ kí a wò kí a tó mọ̀ bóyá ó dọ́gba. Láti ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, apá kan òṣùwọ̀n náà ni ojú mi mọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, èmi àti ìyàwó mi lọ wo apá kejì.

Ogún ọdún ni ìgbéyàwó wa pé lọ́dún náà. Nínú ogún ọdún yìí, mọ́kànlá ni iṣẹ́ ìjọba fi yà wá sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: èmi ní Kétu, òun ní Àjàṣẹ́, níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti kàn mọ bí ó ti rí. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọkọ máa ń wọ mọ́tò lọ bá aya, ọjọ́ Àìkú ni yóò padà. Àárín méjèèjì a sì kún fún owó ilé ẹ̀kọ́, àìsàn ọmọ, òkú ẹbí àti ìsọmọlórúkọ. A máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni a máa ń sọ.

Ìyàwó mi ló dábàá ìrìn àjò náà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Lyon ti ń pè wá láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun kejì ni ti ìlẹ̀kẹ̀. Ìyá rẹ̀ àgbà fi ọ̀wọ́ ìlẹ̀kẹ̀ kan sílẹ̀ fún un, ìlẹ̀kẹ̀ pupa rúsúrúsú tó ní ojú funfun àti aláwọ̀ ojú ọ̀run lára. Obìnrin kan tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ ní Kútọnú yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọwọ́ àwọn ará Venise ló ṣe é. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń rìn lọ́kàn ìyàwó mi. Ó ní: "Bàbá Ìbejì, bí a bá ti dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi, ẹ jẹ́ kí a yà dé ìlú tí wọ́n ti ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ìyá mi àgbà."

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Kétu gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Owó lẹ fẹ́ ná kí ẹ lè lọ wo omi. Ṣé omi Àjàṣẹ́ ti gbẹ ni?" Ẹ̀rín ni àwa náà fi dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ju ẹ̀rín lọ. Páànù tí a fẹ́ fi bo ilé wa ní Kétu ṣì wà ní ọjà. Àwọn ìbejì wa ń múra àtiwọ kíláàsì àṣekẹ́yìn, ọdún baccalauréat. Owó àjọ tí ìyàwó mi dá lóṣooṣù fún ọdún mẹ́ta ni a fẹ́ ná. Kí ni a fẹ́ lọ rí níbẹ̀ tó ju páànù lọ?

A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Milan. Nígbà tí ilẹ̀ parí, ọkọ̀ kò dúró. Ó gun afárá gígùn kan tí wọ́n ṣí ní 1846, omi ọ̀sà sì tẹ́ lọ lọ́tùn-ún lósì wa. Kí afárá yìí tó wà, ọkọ̀ ojú omi nìkan ni a fi ń dé Venise. Ẹni tó bá jáde ní ibùdókọ̀ Santa Lucia kò ní rí takisí, kò ní rí zémìdjan kan ṣoṣo. Ọ̀nà omi ni yóò rí gangan níwájú rẹ̀, Canal Grande, tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin, tó sì lọ́ bí ejò gba àárín ìlú kọjá. Erékùṣù kéékèèké tó ju ọgọ́rùn-ún lọ ni wọ́n so pọ̀ di ìlú yìí, afárá tó ju 400 lọ ló sì so wọ́n mọ́ ara wọn. Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní vaporetto ni bọ́ọ̀sì wọn. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún àlejò jẹ́ yúrò 9,50, èyí tó ju 6.000 sẹ́fà lọ. Ẹsẹ̀ ni àwa fi rìn ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Mestre, ní apá orí ilẹ̀, ni a sì sùn sí, nítorí pé ibẹ̀ ni owó yàrá ti wà ní ìwọ̀n agbára wa.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ni bí òkúta ṣe ń dúró lórí ẹrẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ rọrùn, ó sì ya ni lẹ́nu. Wọ́n gé igi láti inú igbó orí òkè, wọ́n gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, wọ́n sì gbá a wọ inú ẹrẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, títí tí orí gbogbo wọn fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n tẹ́ pákó lé orí igi, wọ́n to òkúta funfun láti Istria lé orí pákó, nítorí pé omi kì í tètè jẹ irú òkúta bẹ́ẹ̀. Lórí òkúta ni bíríkì ti bẹ̀rẹ̀. Igi náà kò tètè jẹrà, nítorí pé afẹ́fẹ́ kò dé inú ẹrẹ̀ tó wà, ohun tó máa ń mú igi rà kò sì lè ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí kò sí afẹ́fẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria della Salute, tí wọ́n fi dúpẹ́ lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1630 sí 1631, ni wọ́n sọ pé igi tó lé ní mílíọ̀nù kan wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyàwó mi gbé ojú sókè wo òrùlé rẹ̀ roboto, ó wo ilẹ̀, ó ní: "Igi tí ẹnikẹ́ni kò rí ló gbé èyí tí gbogbo ayé ń wò." N kò ní ohun tí mo lè fi kún un.

Kí ló gbé ènìyàn dé orí ẹrẹ̀ náà? Ìbẹ̀rù ni. Nígbà tí agbára Róòmù ń wó, tí àwọn Huns, lẹ́yìn náà àwọn Lombards, ń ya wọ Ítálì, àwọn ará ilẹ̀ gbígbẹ sá wọ inú ọ̀sà, níbi tí ẹṣin kò lè tẹ̀lé wọn dé. Níbi ìsádi yìí ni ìlú ti dìde, tó di ìjọba olómìnira tó ní ọkọ̀ ogun àti ọkọ̀ òwò, tó sì lo ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ kí Napoléon tó fòpin sí i ní 1797.

Níbi yìí ni àfiwé Ganvié ti jinlẹ̀ ju ti omi lọ. Àwọn Tòfinù wọ inú adágún Nokoué nítorí àwọn tó ń kó ènìyàn lẹ́rú. Ìtàn ẹnu sọ pé òrìṣà àwọn jagunjagun Danhomè kò gbà wọ́n láyè láti lépa ènìyàn lórí omi. Orúkọ Ganvié fúnra rẹ̀, wọ́n ní, àwọn tó rí ìgbàlà ni ó ń tọ́ka sí. Àwa ará Kétu kò ní adágún. Odi àti yàrà ni àwọn baba wa fi ṣe tiwọn, pẹ̀lú ẹnu ibodè Akaba Ìdẹ̀nà tí ẹ lè lọ wò títí di òní. Ṣùgbọ́n ní 1886, yàrà kò gbà wá mọ́: Danhomè wọlé, ó dáná sun ìlú, ó sì kó àwọn ènìyàn lọ. Ìlú mẹ́ta, ìbẹ̀rù kan náà. Èyí tí omi yí ká ni ogun kò fọ́.

Ohun tí olùkọ́ tí wọ́n fi èdè Faransé tọ́ tún ń rí ní Venise ni ọ̀rọ̀. Gazette tí a ń kà ní èdè Faransé, láti orúkọ owó wẹ́wẹ́ kan ní Venise ló ti wá. Ghetto, orúkọ àdúgbò tí wọ́n há àwọn Júù mọ́ láti ọdún 1516 ni. Quarantaine, ogójì ọjọ́ tí wọ́n ń fi dá àwọn tó bá ti ibi àrùn bọ̀ dúró ló bí i. Ní 1423 ni wọ́n sì ti ya erékùṣù kan sọ́tọ̀ fún àwọn tí àjàkálẹ̀ àrùn bá mú. Ciao tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń dágbére fún ara wọn lórí fóònù, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "ẹrú yín ni mí" ni ó ti wá, nínú èdè Venise. Mo rò pé ẹ kò ní sọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́.

Gondola ni gbogbo ènìyàn máa ń béèrè lọ́wọ́ wa nísinsin yìí. Ọkọ̀ dúdú tó gùn tó mítà mọ́kànlá ni, tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ fẹ̀ ju ọwọ́ ọ̀tún lọ, nítorí pé ẹyọ atukọ̀ kan ló ń fi àjẹ̀ kan ṣoṣo wà á láti apá ọ̀tún; bí apá méjèèjì bá dọ́gba ni, yíyí ni ọkọ̀ náà ì bá máa yí kiri. Ọgbọ́n ọwọ́ gbáà ni. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú rẹ̀ jẹ́ 90 yúrò, nǹkan bíi 59.000 sẹ́fà. Ìyàwó mi ṣírò rẹ̀ lọ́kàn, ó ní páànù mélòó nìyẹn? A kò wọ̀ ọ́. A wọ traghetto, ọkọ̀ irú kan náà tí àwọn ará ìlú fi ń kọjá láti etí Canal Grande kan sí èkejì, tí atukọ̀ méjì ń wà. Yúrò méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni, kò sì tó ìṣẹ́jú márùn-ún. A di ara wa lọ́wọ́ mú kí a má bàa ṣubú, ìyàwó mi sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ní Aguégué.

Ní ilé àwòrán Accademia, òun náà ló kọ́kọ́ rí i. Vittore Carpaccio ya àwòrán ńlá kan ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, níbi tí a ti ń wo afárá Rialto nígbà tó ṣì jẹ́ ti igi, kí wọ́n tó parí èyí tí a fi òkúta kọ́ ní 1591. Ọkọ̀ pọ̀ lórí omi nínú àwòrán náà. Nínú ọ̀kan, ní ìsàlẹ̀, atukọ̀ kan dúró pẹ̀lú àjẹ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ dúdú bí tiwa. Ìtàn fi yé wa pé àwọn ènìyàn dúdú wà lára àwọn atukọ̀ Venise nígbà náà. Ẹrú ni àwọn kan, àwọn mìíràn ti di òmìnira. A dúró níwájú rẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí olùṣọ́ fi wá wò wá. Kò sí ẹni tó kọ orúkọ ọkùnrin náà sílẹ̀. Ìyàwó mi kí i ní Yorùbá, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni kí ará ilé.

Ní ọjọ́ kẹta a lọ sí Murano. Erékùṣù yìí ni ìjọba Venise kó gbogbo iná ìléru àwọn aṣe-dígí lọ ní 1291, nítorí ìbẹ̀rù kí iná má jó ìlú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ́ dígí, tí wọ́n ń fà á gùn bí okùn, tí wọ́n ń gé e wẹ́wẹ́ di ìlẹ̀kẹ̀. Irú kan tí wọ́n ń pè ní rosetta, tó ní ìràwọ̀ nínú, ni àwọn òpìtàn ń ka ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí ọwọ́ obìnrin kan, Marietta Barovier. Àwọn obìnrin mìíràn, tí wọ́n ń pè ní impiraresse, a máa jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn pẹ̀lú àwo ìlẹ̀kẹ̀ lórí itan, wọn a sì máa sin ín sí okùn fún owó táṣẹ́rẹ́. Ní 2020, UNESCO kọ iṣẹ́ ọwọ́ ìlẹ̀kẹ̀ dígí yìí sínú ìwé ogún àìfojúrí ọmọ ènìyàn, ní orúkọ Ítálì àti Faransé.

Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé dígí tó wà níbẹ̀, a rí káàdì àpẹẹrẹ tí àwọn oníṣòwò ń lò: oríṣiríṣi ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n tò sára páálí, kí oníbàárà lè tọ́ka sí èyí tó bá fẹ́. Ìyàwó mi fi ọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀. Ó wo dígí, ó wo ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, ó tún wo dígí. Àwọ̀ kan náà, ojú kan náà. Obìnrin Kútọnú náà sọ òótọ́.

Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Ó dákẹ́. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà ni ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní: "Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ mọ ìtàn. Nígbà tí wọ́n kó ìlẹ̀kẹ̀ yìí dé etí òkun wa, kí ni wọ́n fi rà?" Olùkọ́ kì í fẹ́ kí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bá òun láìròtì, ṣùgbọ́n mo mọ ìdáhùn rẹ̀, kò sì yẹ kí n bo ó mọ́lẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ Venise wà lára ẹrù tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Yúróòpù ń kó wá sí etí òkun Áfíríkà. Wọ́n fi í ra wúrà, wọ́n fi í ra eyín erin, wọ́n fi í ra epo. Wọ́n fi í ra ènìyàn pẹ̀lú. Ní Glexwe àti Àjàṣẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ àti owó ẹyọ wà nínú ohun tí wọ́n fi ń san owó orí ọmọ ènìyàn. Nítorí náà, àfiwé tí a fi bẹ̀rẹ̀ ní apá kan tí ìwé ìrìn àjò kì í sọ: òwò tí ìlẹ̀kẹ̀ Venise bá wọ ilẹ̀ wa ni àwọn Tòfinù sá fún wọ inú omi. Ìlú méjèèjì ti mọ ara wọn tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó pe ọ̀kan ní orúkọ èkejì.

Mo tún sọ ohun kejì fún un, nítorí pé òtítọ́ kì í ní ẹsẹ̀ kan. Mo ní kí Murano tó di ìlú dígí, iná ìléru ti ń jó ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti fi hàn pé láti nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá ni wọ́n ti ń ṣe dígí níbẹ̀ láti inú èròjà ilẹ̀ wọn, tí wọ́n sì ń fi í ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ifẹ̀ tí àwa ará Kétu ń pè ní orísun wa kò jókòó retí ọkọ̀ òkun kó tó mọ ohun tí ìlẹ̀kẹ̀ jẹ́. Àwọn tó wá ta ìlẹ̀kẹ̀ fún wa bá a lọ́rùn wa ni.

Ó gbọ́, ó ronú títí ọkọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé èbúté. Lẹ́yìn náà ó ní: "N kò ní bọ́ ọ. Ìyá mi àgbà wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ó sì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó bí ọmọ mẹ́jọ. Ohun tí ìlẹ̀kẹ̀ yìí ti jẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó yẹ kí a mọ̀ ọ́. Ohun tó dì lẹ́yìn náà, tiwa ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá gbé e fún Kẹ́hìndé, ìtàn rẹ̀ ni n óò kọ́kọ́ gbé fún un." Ogún ọdún ni mo ti ń bá obìnrin yìí gbé, mo sì mọ̀ ọ́n sí ọlọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ Àìkú kankan láàárín Kétu àti Àjàṣẹ́ tó fún wa láyè láti bá ara wa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Boya àìsí mọ́tò ló fà á. Ní Venise, ẹsẹ̀ ènìyàn ni a ń gbọ́, àti agogo ṣọ́ọ̀ṣì, àti omi tó ń lu ògiri. Ọ̀nà tóóró kan a dá sí òmíràn, òmíràn a sì parí sí etí omi láìsí ìkìlọ̀. A ṣìnà lójoojúmọ́. Èmi a tú àwòrán ilẹ̀, òun a béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ìyá àgbà tó bá rí, pẹ̀lú ìka ọwọ́ àti ẹ̀rín. Òun ló máa ń kọ́kọ́ mọ ibi tí a wà.

Àwọn ìyá àgbà náà kò pọ̀ mọ́. Nítòsí Rialto, nínú fèrèsé ilé ìtajà òògùn kan, nọ́ńbà kan ń tàn. Kì í ṣe aago, kì í sì í ṣe ìwọ̀n ooru: iye àwọn tó ń gbé nínú ìlú àtijọ́ náà ni. Ní 1951, nǹkan bíi 175.000 ni wọ́n. Nọ́ńbà tí a rí kò pé 50.000. Ogun kọ́ ló lé wọn, ìyàn kọ́ ló lé wọn. Iye owó ilé ló lé wọn, pẹ̀lú iṣẹ́ tó di ẹyọ kan ṣoṣo, iṣẹ́ àlejò. Ẹni tó jogún ilé rí i pé àlejò ọjọ́ mẹ́ta ń san owó ju ayálégbé ọdún mẹ́ta lọ. Aṣebàtà ti ilé rẹ̀, olùtà ẹ̀fọ́ kó lọ sí Mestre, ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì di ibi tí wọ́n ti ń ta ìbòjú ọdún. Ìjọba ń gbìyànjú. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2021, wọn kò jẹ́ kí àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá gba iwájú gbàgede San Marco kọjá mọ́. Láti ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 2024, àlejò tó bá wá fún ọjọ́ kan péré ń san owó ìwọlé ní àwọn ọjọ́ kan tí wọ́n yàn; yúrò márùn-ún ni ní ọdún náà. Bí ẹnu ibodè ni, àfi pé ogun kọ́ ni wọ́n ń ṣọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, a bá ọ̀dọ́mọkùnrin ará Sẹ̀nẹ̀gàl kan pàdé lórí afárá, tó ń ta àpò. Èdè Faransé wa ló fi dá wa mọ̀. Ó ní ọdún mẹ́jọ rèé tí òun ti ń gbé ní Mestre. "Ojoojúmọ́ ni mò ń wọ Venise," ó ní, "n kò tíì sùn síbẹ̀ rí." Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin gbé wa kúrò ní alẹ́ náà, àwọn fèrèsé tó ṣókùnkùn lẹ́bàá omi ni mo ń kà. Ààfin wà, àwòrán wà, ṣọ́ọ̀ṣì wà. Iná kò sí.

Omi náà kò sì sinmi. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 1966, òkun kún dé 194 sẹ̀ǹtímítà ju bó ti yẹ lọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ó kún dé 187. Wọ́n ti wá fi ilẹ̀kùn irin 78 sí ẹnu ọ̀nà mẹ́ta tí òkun ń gbà wọ ọ̀sà. Ìsàlẹ̀ omi ni wọ́n máa ń sùn sí. Bí òkun bá fẹ́ kún, afẹ́fẹ́ tí a fẹ́ sínú wọn a gbé wọn dìde. MOSE ni wọ́n ń pè é. Ní 2003 ni iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 2020 ni ó kọ́kọ́ dá òkun dúró. Bílíọ̀nù yúrò tó ju márùn-ún lọ ni wọ́n ná sí i. Mo bi ara mi léèrè pé: bí nọ́ńbà inú fèrèsé náà bá ń lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ta ni wọ́n ń dá omi dúró fún?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, nítorí yín ni mo ṣe kọ ìwé yìí. Taíwò wa ti sọ fún mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé bí òun bá ti yege nínú baccalauréat, Kétu kò ní rí òun mọ́ àfi lọ́jọ́ ọdún. N kò bá a jà. Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, a ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Nítorí náà, ó yẹ kó lọ. Ohun tí mo bá a sọ nígbà tí a dé ni ohun tí mo rí. Mo ní mo ti rí ìlú tí gbogbo ayé ń ná owó láti wò, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò rí ibi sùn nínú rẹ̀. Àwọn tó sá fún ogun kọ́ ọ, ó sì fara da ogun, àrùn àti ìkún omi. Èyí tó ń ṣẹ́gun rẹ̀ wọlé jẹ́ẹ́jẹ́, pẹ̀lú owó lọ́wọ́, nígbà tí àwọn onílé ń ti ilẹ̀kùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tiwa náà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka àwọn ilé tí wọ́n ti pa ní Kétu, tí àwọn onílé wà ní Kútọnú, Èkó tàbí Libreville. Ẹ tún wo Ganvié, níbi tí àwọn kan ti ń rò pé àlejò yóò san ju ẹja lọ. Kí àlejò máa wá dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ẹ̀ka igi ṣe akaja, tó ń pẹja, tó ń bímọ lórí omi náà ni òpó igi tó wà nínú ẹrẹ̀. Bí ẹ bá yọ wọ́n, ẹ ó rí ohun tí òkúta yóò ṣe.

Páànù ti gorí ilé wa ní Kétu báyìí. Ó kàn gba ọdún kan sí i ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá bá wa ṣí ilé náà. Nígbà tó bi wá ní ohun tí a rí, ìyàwó mi bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó sì ro ìtàn rẹ̀ fún un láti Ifẹ̀ dé Murano, láti Murano dé Àjàṣẹ́, kò fo ibi tó korò. Bàbá náà yí ìlẹ̀kẹ̀ náà po lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ́ títí. Ó ní òun mọ ìyá àgbà rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ pé ohun tó wúwo tó báyìí ló wà lọ́rùn rẹ̀.

Ní ìsinmi Kérésìmesì tó ń bọ̀, a ó mú àwọn ìbejì lọ sùn ní Ganvié, òru kan gbáko, kì í ṣe wákàtí méjì bíi tàwọn arìnrìn-àjò. Mo fẹ́ kí wọ́n rí iná inú fèrèsé lórí omi. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú yín náà béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àgbà ibi tí ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ ti wá, nígbà tí ẹni tó lè dáhùn ṣì wà láyé. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, kí ó jáde sí ìta, kí ó ka iye fèrèsé tó mọ́lẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀.